Ìgbà wo ni kí èsì àyẹ̀wò jáde nínú eré yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń kọ eré ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín kan. Gbajúmọ̀ olórin fújì ń múra òde n'Íbàdàn, àfi bí obìnrin tí wọ́n ti jọ fẹ́ra rí ṣe gbé ọmọ oṣù mẹ́jọ wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ọmọ náà fa fìlà abetí-ajá bò ó lójú, ó wá ń fi eyín kan ṣoṣo tó hù lẹ́nu rẹ̀ gé máìkì jẹ. Ibẹ̀ dùn mọ́ mi gan-an.

Àyẹ̀wò DNA, èyí tí yóò fi hàn bóyá olórin yìí ni bàbá ọmọ náà, ló dá mi dúró. Mo kọ́kọ́ fi èsì rẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀, kò wá sí ohun tí èèyàn ń retí mọ́. Mo gbé e sópin, ó dà bíi pé à ń fi ìyá ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́, n kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀, ọdún 2003, gbà kí adájọ́ pàṣẹ àyẹ̀wò, àmọ́ ọ̀rọ̀ kóòtù máa ń lé ẹ̀rín lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí ọkùnrin yìí ti fẹ́ràn ọmọ náà kí èsì tó dé ni, àbí lẹ́yìn tó bá dé? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.