Ọ́ìlì wo ló yẹ Hilux tó ń rin ọ̀nà oko?

Ẹ̀yin ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọkọ̀, mo kí yín o. Hilux oní-dísẹ́ẹ̀lì ni mo fi ń kó ẹ̀gẹ́ jáde láti oko lẹ́yìn Ṣakí, lójú ọ̀nà tó jẹ́ eruku nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó sì ń di ẹrẹ̀ bí òjò bá dé. Mẹkáníìkì mi ní 15W-40 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó: ti iwájú W fún òtútù, ti ẹ̀yìn fún ooru) ló lè dúró nínú ooru wa; ẹni tó ń ta ọ́ìlì ní 5W-30 ni kí n rà. Èmi fara mọ́ 15W-40, nítorí òtútù Ṣakí, àní nígbà ọyẹ́ pàápàá, kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ wá 5W. Àmì API, èyí tó ń sọ ìpele ọ́ìlì lára agolo, ló ń kọ mí lóminú: ṣé CI-4, ọ̀kan nínú ìpele ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, ni kí n dúró lé lórí? Ṣé eruku yìí sì tó ìdí láti pààrọ̀ ọ́ìlì ṣáájú 5,000 kìlómítà?