Omi kún, omi fà: báwo lẹ ṣe ń mọ ọjọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ gbé ìwọ̀ jáde?

Apẹja Ìdájí

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ̀ ń fi ìwọ̀ pẹja, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ omi odò tó ń kún tó tún ń fà ni mo fẹ́ ká jọ sọ lónìí, kí kálukú wá sọ ohun tójú ẹ̀ ti rí.

Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé ojú ọ̀run nìkan la máa ń wò ká tó gbéra, tí òjò ò bá ti ṣú, ó parí, a ti di ẹrù sínú mọ́tò. Bẹ́ẹ̀ òjò tó máa ba ọjọ́ yẹn jẹ́ lè ti rọ̀ láti ìjẹta, lókè odò lọ́hùn-ún, níbi tó jìnnà sí wa, omi ẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Odò kékeré lè kún láàárín wákàtí díẹ̀ kó sì tún fà kílẹ̀ tó ṣú, àmọ́ odò ńlá lè gba ọjọ́ mélòó kan kó tó kún dé ọ̀dọ̀ ẹ, tó bá sì kún tán kì í tètè lọ.

Ìgbà kan wà témi àti àbúrò mi jáde, oòrùn ń ràn, kò sí kùrukùru kankan. A débẹ̀, omi ti pọ́n díẹ̀, ewé àtàwọn ẹ̀ka igi ń gba àárín odò kọjá. Mo gé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo rì í mọ́lẹ̀ síbi tí etí omi dé gẹ́lẹ́, a wá jókòó, à ń so ìwọ̀. Kí n tó so ìwọ̀ kejì tán, igi yẹn ti wà nínú omi, omi ti kọjá ẹ̀ wọ inú koríko. Mo ní kó kó ẹrù, ó ní “ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká jù ú lẹ́ẹ̀kan péré”, mo ní rárá o. Ká tó gun òkè débi tá a gbé mọ́tò sí, òkúta tá a gbé àpò lé lẹ́ẹ̀kan ò ṣeé rí mọ́.

Ohun tí mo ń sọ ni pé ibi tí omi ń lọ ló ṣe pàtàkì ju ibi tó wà lọ. Ṣé ó ń gòkè ni àbí ó ń sọ̀ kalẹ̀, ṣé kíákíá ni àbí díẹ̀díẹ̀? Láwọn ibi tí wọ́n ti ń gbé gééjì odò, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe ga tó, sórí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi ti USGS, àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí nípa ilẹ̀ àti omi ní Amẹ́ríkà, tó sábà máa ń ka omi ní ìṣẹ́jú 15 síra wọn, kì í ṣe nọ́ńbà tòní nìkan ni kẹ́ ẹ wò, ẹ wo ìlà tó ń fi bí omi ṣe ń gòkè tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀ hàn, láti bí ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Àwọn kan á ní “mítà mélòó ló dáa fún ẹja?” Kò sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Gééjì kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mítà kan ààbọ̀ lódò yìí lè jẹ́ omi tó dáa gan-an, kó jẹ́ ẹ̀kún omi lódò kejì, kò sì sọ bí omi ṣe jìn tó níbi tó o dúró sí. Èmi máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ni, nọ́ńbà ọjọ́ yẹn, àwọ̀ omi, bóyá ẹja jẹ àbí kò jẹ. Tó bá pẹ́, odò yẹn á di ẹni mímọ̀ sí ẹ.

Ìyálódò

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n, òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ. Mo kàn fẹ́ fi ti ẹja kún un ni, torí àwọn èèyàn rò pé omi kún túmọ̀ sí kéèyàn jókòó sílé, kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo.

Tómi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀, ó ń fọ ekòló àti kòkòrò látinú koríko etí odò bọ́ sínú omi nìyẹn, ẹja sì mọ̀, wọ́n á máa jẹun. Àsìkò yẹn kì í pẹ́. Tó bá wá le, tí ẹrẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ẹja ò ní dúró láàárín kí ìṣàn omi máa tì í kiri, á wá sí etí, á sá sẹ́yìn òkúta, síbi tí omi ti rọlẹ̀. Mo ti rí àwọn tó ń fi gbogbo agbára ju ìwọ̀ sáàárín odò lọ́jọ́ tómi kún, tí èmi sì rọra ń sọ tèmi sẹ́bàá ibi tí mo dúró sí, tí àrọ̀ ń gbé e. Àrọ̀ ò nílò ojú kó tó rí oúnjẹ, òórùn àti irun ẹnu ẹ̀ ló ń lò.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ tèmi, omi tó ti kún, tó wá ń fà, tó ń mọ́ bọ̀, òun ni mo fẹ́ràn jù. Mo máa ń so aṣọ funfun pélébé mọ́ ẹnu igi, màá kì í bọ omi títí mi ò fi ní rí i mọ́. Tó bá pòórá kó tó jìn tó ìbú ọwọ́, mi ò ní fi ohun tí ẹja á fojú rí dẹ ẹ́, ìdẹ tó ń rùn ni. Tí mo bá ṣì ń rí i níbi tó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ha, ọjọ́ yẹn dáa nìyẹn.

Ará Ìsàlẹ̀ Dáàmù

Tèmi yàtọ̀ o, torí ìsàlẹ̀ dáàmù ni mo ti ń pẹja. Níbẹ̀, ẹ gbàgbé òjò. Iná mànàmáná ni wọ́n ń fomi ṣe, ìgbà tí iná bá wọ́n ni wọ́n ń tú omi sílẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀sán gangan tí oòrùn ń mú. Mo dúró sórí òkúta kan báyìí, omi ò dé kókósẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ yí padà ni ohùn odò, ó kàn dún kíkankíkan sí i láti òkè, mo wo ẹsẹ̀ mi, omi ti tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mi ò dúró gbọ́ fèrè ìkìlọ̀ kankan, etí odò ni mo gbà lọ tààrà. Ẹni tó wà lápá kejì ò lè padà wá títí di ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n fi dín in kù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wo omi tí ò jìn. Sẹ̀ǹtímítà 15 péré, tó bá ń sáré, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Tí eré omi bá sì di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń tì ẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ béèrè àkókò tí wọ́n fi ń tú u, kẹ́ ẹ sì mọ ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà jáde kẹ́ ẹ tó wọlé.

Olóye

Omi tó fà jù náà ní wàhálà tiẹ̀, ẹnì kankan ò tíì sọ ọ́. Omi kékeré tètè ń gbóná, omi gbígbóná kì í sì í gba atẹ́gùn tí ẹja ń mí mú dáadáa. Inú ibú, abẹ́ òjìji igi, ìsàlẹ̀ ibi tí omi ti ń já lu òkúta, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó ara wọn sí. Omi á mọ́ gaara, wọ́n á rí ẹ kó o tó rí wọn, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni kó o lò, ìdájí ni kó o lọ. Tó bá jẹ́ ẹja omi tútù bíi trout, tí omi bá ti kọjá 20°C, èmi kì í pa á láàmú mọ́, torí èyí tó o tú sílẹ̀ gan-an lè kú lẹ́yìn ẹ.

Ìbéèrè mi wá ni pé, kí lẹ máa ń ṣe tẹ́ ẹ bá ti gbàyè níbi iṣẹ́ látọjọ́ pípẹ́, tí odò wá kún lọ́sẹ̀ yẹn gan-an?

Apẹja Ìdájí

Olóye, mi ò kì í dá ibi kan ṣoṣo mú. Odò ńlá ló máa ń gbẹ̀yìn mọ́, àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọnú ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mọ́, adágún sì wà níbẹ̀ tí ẹrẹ̀ ti máa ń rọ̀ sísàlẹ̀. Nítorí náà ibi mẹ́ta ni mo máa ń kọ sílẹ̀, mo sì máa ń sọ fún àwọn tá a jọ ń lọ pé alẹ́ tó ṣáájú la máa mú ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ yìí, ìlà gééjì odò ńlá ṣì ń gòkè. Tí ò bá tíì yí padà nígbà tí mo bá wò ó lálẹ́ Jímọ́ọ̀, odò kékeré tòkè là ń lọ ní Sátidé, ìdẹ ekòló nìkan ni màá gbé dání.