Fi ẹ́ńjìnnì yáná: ìdí tí mi ò fi fara mọ́ "ìmúgbóná-ṣáájú"

Ẹ̀yin ará mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín o.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa láti Ìkẹjà dábàá pé kí á mú "ìmúgbóná-ṣáájú" sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa fún ohun tí àwọn tó ń sáré mọ́tò rìmóòtù onínáítírò (mọ́tò kékeré tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí, tó ní ẹ́ńjìnnì tó ń lo epo) máa ń ṣe: wọ́n á kọ́kọ́ fi ooru kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti ìta kí wọ́n tó sítáàtì rẹ̀. Àbúrò wa kan fèsì láti Yábàá pé kò sídìí fún ọ̀rọ̀ tuntun, pé "wọ́ọ̀mù" làwọn mẹkáníìkì ń sọ, kí á kúkú kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó tún ní Èkó gbóná tó fúnra rẹ̀, kí lẹnìkan tún ń wá ooru kún ooru fún? Mi ò bá ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì lọ. "Yáná" ni mo fẹ́ kí á lò, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ gbọ́ mi dópin.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì náà, torí inú iṣẹ́ yẹn ni orúkọ rẹ̀ wà. Ẹ́ńjìnnì kékeré ni. Èyí tó wà lára mọ́tò ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Sùúrùlérè kò ju 3.5 cc lọ, síbẹ̀ irú rẹ̀ lè yí ju ìgbà 30,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Epo rẹ̀ kì í ṣe pẹtiróòlù. Mẹtánọ́ọ̀lù ni, tí wọ́n po náítíròmẹ́téènì àti òróró mọ́. Pístìn rẹ̀ ò ní ríńgì bí ti mọ́tò wa. Alumíníọ́mù tó ní sílíkọ́nì nínú ni wọ́n fi ṣe é, sílíífù tí pístìn ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀ sì jẹ́ idẹ tí wọ́n fi kírọ́ọ̀mù bò nínú. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe òkè sílíífù yẹn kó fún díẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, pístìn á há bó bá ti dókè. Bó bá gbóná tó bó ṣe ń gbóná nígbà iṣẹ́, idẹ á gbòòrò ju pístìn lọ, ara á wá tu àwọn méjèèjì. Ooru ìgbà iṣẹ́ yẹn, tó máa ń tó nǹkan bíi 100 sí 120 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, ni wọ́n fojú sùn nígbà tí wọ́n ń gé idẹ náà.

Ibi tí àbúrò wa ti ṣìnà nìyẹn. Oòrùn Èkó, bó ti wù kó mú tó, kì í sábà ju nǹkan bíi 35 lọ. Ó ṣì kù púpọ̀ kó tó dé 100. Ẹni tó bá ń fa okùn ẹ́ńjìnnì tuntun nígbà tó ṣì tutù ń fipá gbé pístìn gba ibi tó fún, ọ̀pá tó so pístìn mọ́ kíráńkì ló sì ń jìyà rẹ̀. Òkè sílíífù á máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá jẹ tán, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ nígbà tó bá tutù, á sì máa kú nígbà tó bá gbóná, torí ibi tó yẹ kó fún ò fún mọ́. Mo rí i lójú mi. Okùn ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ tí ọmọ náà ní já mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù kan, a rò pé okùn burúkú ni. Okùn ò burú. Ẹ́ńjìnnì tó há ni a ń fà. Láti ìgbà tó ti ń fi dáráyà àwọn onídìrí fẹ́ orí ẹ́ńjìnnì títí yóò fi dé 90, tó sì ń fi tẹmómítà tí wọ́n ń nà síni níwájú orí nígbà Kòrónà wò ó (ti ẹ̀rọ ni o, ti èèyàn kì í kà dé ibẹ̀), okùn kan ṣoṣo ló ṣì ń lò.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á padà sórí ọ̀rọ̀. Ẹ lọ sí Ojúẹlẹ́gbà, kí ẹ sọ fún awakọ̀ dánfó pé, "Ẹ́ńjìnnì yín ti gbóná." Á páàkì lójú ẹsẹ̀, á máa wá omi tí yóò bù sí radiétọ̀. Lẹ́nu ará Èkó, àìsàn ni kí ẹ́ńjìnnì gbóná. Kò sẹ́ni tí yóò sanwó fún mọ́tò tí wọ́n bá ní ó máa ń gbóná. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, kí wá ni "ìmúgbóná" máa jẹ́ létí irú èèyàn bẹ́ẹ̀? Pé a mọ̀ọ́mọ̀ kó àìsàn ran ẹ́ńjìnnì. "Ṣáájú" tó tẹ̀lé e náà ò ní ibi tó fẹ̀yìn tì: ṣáájú kí ni? Ẹni tó bá mọ Gẹ̀ẹ́sì á rí i pé ńṣe la gé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "preheating", sí méjì, tí a wá orúkọ fún orí, tí a sì wá orúkọ fún ìdí. Àwọn tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó ti àpótí náà, wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀ kò sì dúró gbọ́ èsì, wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Ẹni tó kọ́kọ́ pe ọ̀kadà ní alùpùpù, etí ló lò.

Ti "wọ́ọ̀mù" yàtọ̀. Mi ò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà. Mo ti kọ pístìn àti sílíífù lókè yìí, ojú ò tì mí. Àmọ́ nígbà tí mẹkáníìkì bá ní "jẹ́ kó wọ́ọ̀mù", ohun tó ń sọ ni pé kí o sítáàtì mọ́tò, kó máa ṣiṣẹ́ níbi tó wà fún ìgbà díẹ̀ kí o tó gbé e jáde. Ẹ́ńjìnnì ti ń yí nígbà yẹn. Èyí tí à ń sọ, kò tíì yí rárá. Bí ọmọdé bá ka "wọ́ọ̀mù ẹ́ńjìnnì" nínú ìwé wa, á fa okùn, á sì ṣe ohun náà gan-an tí a ní kó má ṣe.

Mi ò ronú kan "yáná" nínú yàrá mi. Ládípò ni mo ti gbọ́ ọ. Mo lọ bá bàbá kan tó ń tún ẹ́ńjìnnì jẹ́nẹ́rétọ̀ ṣe níbẹ̀, mo ṣàlàyé mọ́tò kékeré yìí fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan sí wọn lẹ́nu. Wọ́n gbọ́, wọ́n mirí, wọ́n ní, "Áà, ẹ máa ń fi yáná kó tó jí." Ó tán. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì tó wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ wo bó ṣe bá a mu. Ẹni tó ń yáná, ooru ń bá a láti ìta, kò sí nínú iná. Láàárọ̀ ọyẹ́ ló ń yáná, kó tó gba oko lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà ò fi nílò "ṣáájú" kankan lẹ́yìn, torí ẹni tó ń yáná kò tíì jáde. Àwọn àyàn náà máa ń fi ìlù yáná, tàbí kí wọ́n sá a sóòrùn, bí òtútù bá ti mú awọ rẹ̀. Òótọ́ ni pé ìlù ń yáná kí awọ lè le, ẹ́ńjìnnì ń yáná kí ohun tó há lè dẹ̀. Ìyẹn ò ba ọ̀rọ̀ jẹ́ lójú mi. Àwọn méjèèjì, òde ni wọ́n ń múra rẹ̀. Gírámà rẹ̀ náà kò le: à ń fi ọwọ́ yáná, à ń fi ìlù yáná, a ó fi ẹ́ńjìnnì yáná. Bó bá tó, a ó ní ó ti yáná tó.

Àǹtí wa kan ní Èbúté Mẹ́ta, tí mo kọ́kọ́ fi èyí hàn, gbé àtakò kan dìde tí mi ò lè fojú fò. Wọ́n ní, "Ṣé ọmọ ò ní lọ gbé e sórí sítóòfù báyìí?" Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, torí iná mẹtánọ́ọ̀lù kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn lójú ọ̀sán, ó lè máa jó kí èèyàn má rí i. Èsì mi ni pé iná ti gbòòrò lẹ́nu wa tipẹ́. "Wọ́n ti mú iná wá" là ń sọ, kò sẹ́ni tó ń wá panápaná. Iná mọ́tò ni ti iwájú mọ́tò. Iná tí dáráyà ń lò náà nìyẹn. Síbẹ̀, mo gbà fún Àǹtí pé ìtumọ̀ tí a bá kọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ jáde: iná mànàmáná nìkan, ọwọ́ iná sítóòfù tàbí àbẹ́là ò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn, a ò sì gbọ́dọ̀ kọ ẹnu dáráyà sí táńkì epo.

Ooru kejì tún wà níbẹ̀ tí a ò gbọ́dọ̀ pò mọ́ ọn. Púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì yìí ní wáyà wínníwínní kan tí pílátínọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀. Bátìrì 1.5 fóltì ni wọ́n ń fi kàn án, wáyà á sì di pupa yòò kí wọ́n tó fa okùn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n yọ bátìrì kúrò, pípọ́n yẹn ò ní kú, torí mẹtánọ́ọ̀lù àti pílátínọ́ọ̀mù ń ran ara wọn lọ́wọ́. Bí a bá lo "ìmúgbóná" fún ti ara ẹ́ńjìnnì, kí la ó wá lò fún ti wáyà? Pẹ̀lú tèmi, ẹ́ńjìnnì ń yáná, wáyà ń pọ́n.

Ohun tí mo dábàá fún àkójọ wa nìyí: *ìyáná ẹ́ńjìnnì*, fífi ooru iná mànàmáná kan ara ẹ́ńjìnnì láti ìta títí yóò fi tó nǹkan bíi 80 sí 100 Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, kí a tó sítáàtì rẹ̀. *Àpẹẹrẹ*: Fi ẹ́ńjìnnì yáná kí o tó fa okùn rẹ̀.

Ó ku ẹ̀rọ tí wọ́n ń dé bo orí ẹ́ńjìnnì náà bí ẹni dé fìlà, tí ooru rẹ̀ ń wọlé díẹ̀díẹ̀. "Fìlà ìyáná" ni mo ń pè é nílé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìkẹjà, kí lẹ rí sí i?