Àwòrán kọ́ ni view, awò ni

Àbá tó wà nílẹ̀ lórí bí a ó ṣe sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lédè Yorùbá ni pé kí á máa pe view inú dátábéèsì (ìbéèrè tí a sọ lórúkọ kí a lè máa kà á bí àtẹ) ní "àwòrán", kí á sì máa pe stored procedure (àkójọ àṣẹ tí a fi sínú dátábéèsì kí a lè máa pè é) ní "ìlànà àpamọ́". Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Àwọn tó máa lo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ló máa pinnu èyí tí wọ́n á fi ṣiṣẹ́ kí iṣẹ́ lè yá. Bí ọ̀rọ̀ bá purọ́ nípa ibi tí iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀, ó ti ṣì wọ́n lọ́nà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo àwòrán ná. Tí wọ́n bá ti ya èèyàn tán, bó pààrọ̀ aṣọ, àwòrán kò mọ̀. View kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí a sọ lórúkọ ni, kò pa ìlà kan ṣoṣo mọ́. Ẹ wo ọ̀kan ní SQL, èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀; ó ń ro iye pọ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan lóṣù kọ̀ọ̀kan:

CREATE VIEW apapo_osu AS
SELECT onibara, osu, SUM(iye) AS apapo
FROM ibere GROUP BY onibara, osu;

Ká ní àtẹ ibere ní mílíọ̀nù 3 ìlà. Ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ apapo_osu pé WHERE apapo > 1000, dátábéèsì gbọ́dọ̀ ro gbogbo ìlà náà pọ̀ kó tó mọ èyí tó ju 1000 lọ. Bó bá tún béèrè lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, á tún un rò látìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ bó bá ní WHERE onibara = 512, PostgreSQL (ọ̀kan lára àwọn sọ́fítíwia dátábéèsì, bíi MySQL àti SQL Server) á gbé gbólóhùn yẹn wọ abẹ́ GROUP BY, ìyẹn ni pé á ti ṣa ìlà kó tó rò wọ́n pọ̀, bí atọ́ka (index, tó ń jẹ́ kí a tètè rí ìlà) bá sì wà lórí onibara, ó lè ka ìlà oníbàárà yẹn nìkan. View kan náà ni o, ọ̀kan ń fò, ọ̀kan ń wọ́. Ẹni tí a ti sọ fún pé àwòrán ni kò ní ronú kan èyí láé.

Orúkọ náà, àwòrán, ní olóhun tirẹ̀: materialized view, tí PostgreSQL ní láti ẹ̀dà 9.3 lọ́dún 2013. Òun ló ń pa èsì mọ́, òun ló ń gbó, òun ni a sì ń tún yà. Àṣẹ rẹ̀ ni REFRESH, "tún àwòrán yà": ọ̀rọ̀ ìṣe náà bọ́ sí i lára láìfi agbára mú un. Tí a bá ń tún un yà lásán, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á á dúró títí yóò fi parí. CONCURRENTLY, tó dé ní 9.4, ló ń jẹ́ kí wọ́n máa ka ti àtijọ́ lọ, kìkì pé àwòrán náà gbọ́dọ̀ ní atọ́ka tí kò gba àtúnwí.

Kí wá ni orúkọ view gan-an? Àwọn kan ti dábàá "fèrèsé", ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wù mí, torí ẹni tó yọjú lójú fèrèsé kò kó ẹrù inú yàrá sójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n SQL ti ní window function, èyí tó ń lo OVER láti ṣírò lórí àwọn ìlà tó bá ìlà kan tan, fèrèsé gan-an ló sì máa jẹ́ lédè wa. Ẹ jẹ́ ká mú "awò", bí awò ojú. Awò kì í tọ́jú ohun tí a fi í wò. A sì lè to awò lé awò, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀: tí view bá dúró lórí view, tí àtẹ inú wọn pọ̀, PostgreSQL kì í tú wọn pọ̀ sójú kan mọ́ bí àtẹ inú FROM bá máa ju 8 lọ. Iye tí from_collapse_limit, ìṣètò tó ń pinnu ààlà yìí, ń bá bọ̀ nìyẹn. Ètò (plan, ọ̀nà tí dátábéèsì yàn láti dáhùn ìbéèrè) tó yá lè wà níbẹ̀ kó má tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ti MySQL, bí GROUP BY, DISTINCT tàbí LIMIT bá wà nínú view, kò lè pò ó mọ́ ìbéèrè tó pè é, àtẹ onígbà díẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣe.

"Àpamọ́" ló burú jù lójú mi. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé èsì wà nípamọ́, tàbí pé a ti sè é sílẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ yá. Àṣẹ nìkan la pa mọ́. Ètò tí a tọ́jú pàápàá kò yà á sọ́tọ̀: SQL Server ń tọ́jú ètò ìbéèrè tí kò sí nínú procedure pẹ̀lú. Èrè procedure wà nínú ìrìn àjò: bí ètò ìlò bá fẹ́ kọ ìlà 300 wọlé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí àlọ àti àbọ̀ kan láàárín òun àti dátábéèsì sì jẹ́ ìdá 2 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ìrìn nìkan ti gba ìdá 600 nínú ẹgbẹ̀rún náà. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ fún procedure lẹ́ẹ̀kan, àlọ àti àbọ̀ kan péré ni. Ẹni tó bá wá fi cursor ka ìlà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú procedure náà, nígbà tí gbólóhùn SQL kan ṣoṣo lè ṣe é, ti dá ọ̀pọ̀ èrè yẹn nù.

Àní ètò tí a tọ́jú lè di àléébù. Ní SQL Server, bí ẹni àkọ́kọ́ tó pe procedure bá fún un ní oníbàárà tó ní ìlà 12, ètò tó yẹ ìlà 12 ló máa tọ́jú. Oníbàárà tó ní mílíọ̀nù 2 á tẹ̀ lé e, wọ́n á gbé ètò kékeré yẹn fún un, á sì máa wá ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan. OPTION (RECOMPILE) lórí gbólóhùn yẹn ló ń wò ó sàn, àmọ́ á máa ṣe ètò tuntun nígbà gbogbo.

"Àpèṣe" ni mo mú wá: ohun tí a ń pè kó wá ṣiṣẹ́, a dá a bí a ṣe dá àpèjẹ. CALL ni PostgreSQL àti MySQL fi ń ké sí i, nítorí náà "pe àpèṣe" bá àṣẹ náà mu. Ìdí kan ṣoṣo tí ẹnì kan lè fi kọ̀ ọ́ ni pé láìsí àmì lábẹ́ s, ó jọ ọ̀rọ̀ tó ti ara pèsè wá. Awò náà ní irú ìṣòro yìí, torí awo àti àwo wà nítòsí. Fún awò, mo gbà pé ká kọ "awò dátà" níbi tí a kò bá ti lè fi àmì sí i. Fún àpèṣe, ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ kó mú un wá, kó ṣáà má ti ní "pamọ́" nínú.