Anẹ́mónì kápẹ́ẹ̀tì mi ń funfun, ó sì ń rìn kiri nínú táńkì. Kí ni mo ṣe tí kò bá a lára mu?

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹlẹ́ja. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo ra anẹ́mónì kápẹ́ẹ̀tì kan, ẹran omi tó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, aláwọ̀ ewé, ó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ. Táńkì mi ń gba omi lítà 300, ó sì ti pé oṣù mẹ́rìnlá tí mo ti gbé e kalẹ̀. Clownfish méjì, ẹja tó máa ń gbé inú anẹ́mónì, ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀yà ocellaris ni wọ́n, pẹ̀lú ìgbín omi díẹ̀ àti iyùn rírọ̀ mẹ́ta tí ara wọn yá. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n gbé e sórí òkúta, ibẹ̀ náà ni mo sì gbé e sí.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sinmi. Kí n sùn kí n jí, á ti kúrò níbi tí mo fi í sí. Lánàá, ẹ̀yìn òkúta ló wà. Lónìí mo bá a tó lẹ̀ mọ́ dígí lápá ibi tí pọ́ǹpù wà. Àwọ̀ rẹ̀ náà ti ń ṣí. Etí rẹ̀ ti funfun bí ẹ̀kọ tútù, àárín nìkan ló kù tó ṣì ní àwọ̀ ewé. Odindi edé kan ni mo ń fún un lójoojúmọ́, torí mo rò pé ebi ló ń pa á. Á gbé e mì, tó bá di òru á bì í jáde tòun ti ikun.

Èyí tó dùn mí jù ni ti goby mi, ẹja kékeré aláwọ̀ yẹ́lò tí àwọn ìbejì máa ń kí kí wọ́n tó lọ sí iléèwé. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a kò ti rí i mọ́. Lọ́jọ́bọ̀, mo rí i tí anẹ́mónì pọ nǹkan kan tó dì bíi kókó síta. Mo fi ṣíbí gbé e, mo tú u wò, eegun ẹ̀yìn wínníwínní ló wà nínú rẹ̀. Mi ò tíì lè sọ fún àwọn ọmọ.

Ohun tí mo yẹ̀ wò rèé: nínú ìdọ̀tí tó ń ti ara oúnjẹ àti ìgbẹ́ ẹja wá, ammonia kò sí rárá, nitrate jẹ́ 40; iyọ̀ inú omi jẹ́ 1.023, ooru omi jẹ́ 26 ní ìwọ̀n Celsius. Iyanrìn mi kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ. Omi ẹ̀rọ ni mo ń lò, mo máa ń kán oògùn tó ń pa chlorine sí i.

Ẹlẹ́ja Woolwich

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìdààmú, ẹ sì pẹ̀lẹ́ ti ẹja yín.

Kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ mi tán, ẹ dìde, ẹ lọ fi fóòmù bo ojú pọ́ǹpù yẹn. Mo máa dúró.

Ní ọdún 2011, anẹ́mónì tí mo kọ́kọ́ ní rìn wọ inú pọ́ǹpù lóru. Nígbà tí mo fi máa tibi iṣẹ́ òru dé ní aago méje àárọ̀, omi ti rí bí omidùn ògì, òórùn ti gba pálọ̀. Ẹja mẹ́fà ló kú. Ọwọ́ ni mo fi ń ṣa ẹran ara rẹ̀ kúrò níbi tó ti wé mọ́ abẹ pọ́ǹpù, díẹ̀díẹ̀, títí di ọ̀sán. Láti ìgbà náà, fóòmù ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ra anẹ́mónì.

Ó dáa. Òkúta kọ́ ni ilé rẹ̀, ìyẹn ló fi ń rìn. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n máa ń pè ní kápẹ́ẹ̀tì nínú àwọn tí ẹ lè rí rà. Ẹ wo abẹ́ etí rẹ̀ àti ara ọ̀pá tó gbé e dúró. Bí àwọn kókó kéékèèké ibẹ̀ bá ní àwọ̀ àlùkò tàbí búlúù, tí àwọn ọmọ ìka ojú rẹ̀ sì gùn díẹ̀ tí wọ́n ń gbọ̀n ṣáá, gigantea ni. Bó bá jẹ́ pé àwọ̀ ọsàn ni kókó náà, mertensii ni, ìyẹn sì lè fẹ̀ ju mítà kan lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá náà bá funfun, tí kókó ibẹ̀ kò hàn dáadáa, tí àwọn ọmọ ìka kúrú bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ̀, haddoni ni. Ẹ tún fọwọ́ kan etí rẹ̀ wò, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o. Haddoni máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ olóko, débi pé tí ẹ bá fà á, ọmọ ìka rẹ̀ á já sí yín lọ́wọ́.

Ìyẹn náà ló fi rí goby yín mú. Ẹja tó bá ń gbé nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń sùn sórí iyanrìn, kò lè bá haddoni gbé. Ẹ má rà òmíràn.

Àárín iyanrìn ni haddoni ń gbé nínú òkun, láti Mauritius títí dé Fiji. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà nísàlẹ̀, á lẹ̀ mọ́ nǹkan líle, ojú rẹ̀ nìkan ló máa tẹ́ sórí bí ẹní. Bí nǹkan bá dẹ́rù bà á, á fa ara rẹ̀ wọ inú iyanrìn pátá, ẹ ò ní rí i mọ́. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta kò tó o láti fi ẹsẹ̀ pamọ́. Ó nílò mẹ́wàá, kódà méjìlá. Ṣùgbọ́n ẹ má da iyanrìn tuntun lé ti àtijọ́ lórí, oṣù mẹ́rìnlá ìdọ̀tí ló wà lábẹ́ ibẹ̀. Abọ́ dígí tó fẹ̀, tó sì jìn, ni kí ẹ wá, èyí tí ẹ fi ń yan oúnjẹ nínú ààrò náà dára. Ẹ fọ iyanrìn mọ́, ẹ kún un, ẹ gbé e ti òkúta níbi tí iná ti mọ́lẹ̀ jù, tí omi kò sì kọlu ú tààràtà. Ẹ pa pọ́ǹpù fún wákàtí kan, ẹ gbẹ́ ihò kékeré sí àárín iyanrìn, ẹ rọra gbé anẹ́mónì náà sínú rẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kan ìsàlẹ̀ abọ́.

Ẹ má fi agbára fà á kúrò lára dígí. Bí ẹsẹ̀ anẹ́mónì bá ya, ìdajì ikú nìyẹn. Ẹ bu yìnyín díẹ̀ sínú ọ̀rá, ẹ gbé e ti ẹ̀bá ẹsẹ̀ náà, kí ẹ wá máa fi káàdì ike tẹ etí rẹ̀ lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó lè gbà yín ní ogún ìṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ kó gbà á.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wá kàn. Kì í ṣe ebi. Àwọn ohun ọ̀gbìn tíntìntín kan wà nínú ẹran ara rẹ̀, zooxanthellae ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Àwọn ló ń fi ìmọ́lẹ̀ dáná fún un, àwọn náà ló sì fún un ní àwọ̀ tó dúdú díẹ̀ yẹn. Tí ara bá ni ín, á lé wọn jáde, ohun tí ẹ ń rí tó ń funfun nìyẹn. Odindi edé lójoojúmọ́ ń dá kún ìnira rẹ̀ ni, torí kí ó tó lo agbára láti dà á, ó ti rẹ̀ ẹ́, á sì bì í. Edé tí ó bì yẹn náà ló ń di nitrate 40. Ẹ fún un láyè ọjọ́ mẹ́rin láìjẹun. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gé edé tàbí ẹja tútù kó rí bí hóró ẹ̀wà kan, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Tí kò bá bì í, ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Iyọ̀ 1.023 kéré. Omi òkun tó ti wá jẹ́ nǹkan bíi 1.026. Ẹ gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Ní ti omi ẹ̀rọ, nǹkan tó ń bà mí lẹ́rù ju chlorine ni bàbà. Omi tó sùn mọ́jú nínú páìpù bàbà kò ní ṣe yín ní nǹkan kan tí ẹ bá fi se tíì, ṣùgbọ́n ọ̀tá gidi ni fún ẹran omi tí kò légungun. Ẹ ra ẹ̀rọ RO, èyí tó ń sẹ́ omi mọ́, tàbí kí ẹ máa ra omi náà ní ṣọ́ọ̀bù ẹja. Ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá omi táńkì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ títí nitrate fi máa wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 10.

Ẹ máa wo ẹnu rẹ̀ lówùúrọ̀ lówùúrọ̀. Kó súnkì kó tún wú kì í ṣe àìsàn, ó ń tú ìdọ̀tí inú rẹ̀ síta ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnu bá là sílẹ̀ gbàǹgbà látàárọ̀ dalẹ́, tí ara rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, ẹ ké sí dókítà ẹranko. Àwọn kan ń fi ciprofloxacin tọ́jú wọn nínú táńkì ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ní Britain níbí, dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún yín. Bó bá sì ti ń rùn, ẹ yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀, kó má baà pa àwọn yòókù.

Mo ń sọ gbogbo èyí torí pé ẹran yìí kì í ṣe ohun ọdún kan. Ọkùnrin kan wà ní Scotland, John Dalyell, tó mú anẹ́mónì pupa kékeré kan nínú òkun ní 1828, tó ń sìn ín nínú ìgò. Òun fúnra rẹ̀ kú ní 1851. Anẹ́mónì náà kò kú títí di 1887, ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń gbà á tọ́jú, Granny ni wọ́n ń pè é. Mi ò sọ pé haddoni yín máa tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yà wọn yàtọ̀. Tèmi ti pé ọdún mọ́kànlá, abọ́ iyanrìn kan náà ló wà.

Títí, Croydon

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn ocellaris máa wọ inú haddoni? Tèmi kò tiẹ̀ wò ó.

Ẹlẹ́ja Woolwich

Títí, nínú òkun, àwọn clownfish tí wọ́n ń pè ní clarkii àti polymnus ló máa ń gbé inú rẹ̀. Ti ocellaris ni gigantea, mertensii àti anẹ́mónì mìíràn tó ń jẹ́ magnifica. Àwọn tí wọ́n bí nínú táńkì lè gbà á o, wọ́n sì lè má gbà á láéláé. Má fi ipá tì wọ́n. Ìyá Ìbejì, bí tiyín bá ń yọ anẹ́mónì lẹ́nu nígbà tí ara rẹ̀ kò tíì yá, ẹ fi agbọ̀n ike oníhò bò ó fún ọjọ́ díẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Houston

Àǹtí, ẹ má bọkàn jẹ́ nítorí funfun yẹn. Nínú oṣù kejì ọdún 2021, nígbà tí yìnyín bo gbogbo Texas tí iná sì lọ, ooru omi táńkì mi sọ̀ kalẹ̀ dé 17 ní ìwọ̀n Celsius. Èmi àti ìyàwó mi fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé táńkì, a ń se omi lórí gáàsì, a ń rọ ọ́ sínú ìgò, a ń jù ú sínú omi táńkì, tó bá tutù a tún un ṣe. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì kékeré kan ló ń mí fún wọn. Kò sí èyí tó kú. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, haddoni mi funfun láti etí dé etí, ẹ lè rí ìṣàn ara rẹ̀ láti òkè.

Mo dín agbára iná táńkì mi kù sí ìdajì, torí pé ẹni tí aṣọ ti bọ́ lára rẹ̀ kò lè dúró sínú oòrùn ọ̀sán gangan. Mo wá ń fi díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oúnjẹ tíntìntín, bí Ẹ̀gbọ́n ṣe wí. Oṣù karùn-ún ni àwọ̀ tó padà tán. Àárín ló ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, yíká ẹnu, ó wá ń tàn lọ sétí.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá, mo ní kí n jábọ̀.

Haddoni ni lóòótọ́. Ọ̀pá rẹ̀ funfun báláú. Ìdajì wákàtí ló gbà mí láti yọ ọ́ lára dígí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Abọ́ tí mo fi ń yan mọ́ínmọ́ín ni mo lò, mo ti ra òmíràn. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn bí àkísà tútù, mo rò pé ó ti parí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mi ò rí i mọ́, mo pariwo. Ọkọ mi tan tọ́ọ̀ṣì, ló bá fi hàn mí: etí rẹ̀ kan ló yọ lójú iyanrìn, ó ká bí etí ewé kókò. Ní ọ̀sán ó tẹ́ pẹrẹsẹ, láti ìgbà náà kò tíì rìn.

Nitrate ti di 8, iyọ̀ ti di 1.026. Mo sọ fún àwọn ìbejì nípa goby. Kẹ́hìndé sunkún. Táíwò ní kí n má fún anẹ́mónì lóúnjẹ mọ́ láé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú òun fúnra rẹ̀ ló fi igi gígùn gbé edé sí i. Bí ó ti kàn án báyìí, gbogbo etí yẹn ká wálé, kò sì bì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọ̀ ewé ti yí ẹnu rẹ̀ ká, ó fẹ̀ tó kọ́bọ̀ àtijọ́ kan.

Ẹ̀gbọ́n, fóòmù ń dí, mo ń fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ìgbà wo ni mo lè yọ ọ́?

Ẹlẹ́ja Woolwich

Ẹ má yọ ọ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ ra méjì, kí ẹ máa fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ẹ bá mi kí Táíwò.