Ẹ̀rọ mi ń ka ìmọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn biribiri: báwo ni kí n ṣe mú un tutù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Kétu ni mo wà, àpáàdì ìkòkò àtijọ́ ni mo ń yẹ̀ wò. Bí a bá ta ooru sí iyanrìn inú wọn, ìmọ́lẹ̀ bíńtín máa ń jáde, òun la fi ń mọ iye ọdún tí ìkòkò náà ti kúrò nínú iná. Photomultiplier, ìyẹn ẹ̀rọ onígíláàsì tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ bíńtín di iná mànàmáná tó ṣeé kà, ló ń ka ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí n kò tilẹ̀ fi nǹkan kan sínú rẹ̀, ó ṣì ń kà. Láàárọ̀, ní 24°C, bíi 70 ni ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lọ́sàn-án, tí yàrá bá gbóná dé 33°C, ó ń lé ní 250. Àpáàdì tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré ti sọnù sínú kíkà asán yẹn. Ó dùn mí gan-an, torí ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìmọ́lẹ̀ náà ń jáde. Bí a bá ti ta ooru sí i, ó lọ nìyẹn.

Mo ti fi aṣọ dúdú dí gbogbo ihò. Kò yí padà. Mo sé e mọ́ òkùnkùn fún ọjọ́ 2, torí iná yàrá ti bà á rí. Ó dín díẹ̀. Ooru fúnra rẹ̀ ló ń já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù (èérún iná mànàmáná) kúrò lójú tó ń gba ìmọ́lẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ń kà á bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ ni. Mo wá to yìnyín yí i ká, àfi bí gíláàsì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, omi ń kán sí ẹ̀bá wáyà. Mo sáré pa iná.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè mú un tutù láìjẹ́ kí omi sẹ̀ sí i lára?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀ o.