Ẹgbẹ́ ìlú wa fẹ́ kúrò lórí WhatsApp: sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ wo ni ká fi kọ́ ìkànnì tiwa?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa, ìlú kékeré kan lọ́nà Ìjerò. Orí WhatsApp ni gbogbo wa wà, àti ará ilé àti ará òkè òkun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gidi kì í dúró níbẹ̀. Bí mo bá gbé àkọsílẹ̀ ìpàdé síbẹ̀ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, fídíò àdúrà àti "ẹ kú ojúmọ́ o" á ti bò ó mọ́lẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni ẹnì kan láti Ìbàdàn bèèrè iye tí a dá fún kànga ẹ̀rọ tó wà lójú ọjà. A mọ̀ pé a ti kọ ọ́ síbẹ̀ rí, kò sẹ́ni tó rí i. Ìbéèrè di ìjà.

A fẹ́ ibi tí owó á ti ní ààyè tirẹ̀, tí oríkì ìdílé á ní tirẹ̀, tí ọdún ìlú náà á ní tirẹ̀. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Adó pe iye kan tó pa wá lẹ́nu mọ́. Àbúrò mi tó wà ní yunifásítì FUOYE wá ní open source (sọ́fítíwíà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba) ni ká lò, pé ọ̀fẹ́ ni: WordPress, phpBB, Discourse. Èwo ni ká mú? Mo lè tẹ̀lé ìlànà tí wọ́n bá kọ sílẹ̀, àmọ́ mi ò mọ kóòdù.

Ìyá Ìbejì Adó
Ẹ fi WhatsApp sílẹ̀ fún wa jàre. Màmá mi ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́. Ta ló fẹ́ máa kọ́ wọn ní pásíwọ̀ọ̀dù?

Èkìtì Kete
Sọ́fítíwíà ló jẹ́ ọ̀fẹ́ o, akọ̀wé. Domain (orúkọ ìkànnì) àti hosting (ibi tí ìkànnì ń gbé), ọdọọdún lẹ ó máa sanwó wọn. Ẹ sọ ìyẹn fún wọn nípàdé kí wọ́n má baà ní ẹ ti jẹ owó.

Bàbá Linux
Akọ̀wé, ẹ jẹ́ n yà wọ́n sọ́tọ̀ fún yín.

WordPress dára fún ẹni tó fẹ́ gbé ìròyìn jáde kí aráyé kà á. Ẹ lè fi BuddyPress tàbí bbPress kún un kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè máa bára wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n plugin (àfikún bẹ́ẹ̀) á máa pọ̀ sí i, èyí tí wọn ò bá sì ṣe àtúnṣe rẹ̀ mọ́ ni àwọn ìgárá á gbà wọlé. Fún ohun tí ẹ ń wá yẹn, ẹ fi ojú sí phpBB tàbí Discourse, àwọn tí wọ́n ṣe fún ìjíròrò, tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ní yàrá tirẹ̀.

Láti ọdún 2000 ni phpBB ti wà. PHP (èdè kóòdù) àti MySQL (database, ibi tí ọ̀rọ̀ ń wà ní ìpamọ́) ló ń béèrè, torí náà hosting olówó pọ́ọ́kú tó ní cPanel (ojú ewé tí ẹ ó ti máa ṣàkóso rẹ̀), tí ẹ lè fi náírà san, á gbé e. Ojú rẹ̀ ti gbó díẹ̀, mi ò ní purọ́. Discourse rẹwà jù ú lọ lórí fóònù, ó tún máa ń kó ọ̀rọ̀ tó ti kọjá jọ ránṣẹ́ sí ímeèlì ẹni tí kò bá ti wọlé fúngbà díẹ̀. Àmọ́ inú Docker (àpótí tí wọ́n ń di sọ́fítíwíà sí) ló ń gbé, hosting alájọlò ò lè gbé e. Server (kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé) tó dá dúró ló ń fẹ́, RAM rẹ̀ ò gbọdọ̀ dín ní 1GB, dọ́là sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà. Ímeèlì ló wá ń dá èèyàn dúró jù. Tí SMTP (ọ̀nà tí server ń gbà fi ímeèlì ránṣẹ́) ò bá ṣiṣẹ́, ẹ̀yin ádímìn gan-an ò ní rí ìwé ìjẹ́rìísí tí ẹ ó fi wọlé. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ server ló sì ti port 25 (ẹnu ọ̀nà tí ímeèlì ń gbà jáde) pa nítorí àwọn tó ń fi ímeèlì jìbìtì yọ aráyé lẹ́nu, ẹ ó ní láti gba iṣẹ́ ímeèlì lọ́tọ̀.

Tèmi ni pé kí ẹ mú phpBB.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Mo gbọ́ pé àwọn róbọ́ọ̀tì máa ń ya wọ phpBB, wọ́n á kún un fún ìpolówó tẹ́tẹ́.

Bàbá Linux
Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má lo àwòrán tí wọ́n ń ní kéèyàn kà yẹn. Ìbéèrè àti ìdáhùn wà nínú rẹ̀ tí ẹ lè kọ fúnra yín. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ odò tó wà lẹ́yìn ilé ìwé yín, lédè Èkìtì pọ́ńbélé. Ká wo róbọ́ọ̀tì tó máa dáhùn ìyẹn.

Aṣojú Ọ̀dọ́ Ìkọ̀lé
Orúkọ ta ni ẹ máa fi ra domain? Ìyẹn ṣe pàtàkì ju sọ́fítíwíà lọ. Ẹni tó bá ẹgbẹ́ tiwa kọ́ ìkànnì fi orúkọ àti ímeèlì ara rẹ̀ rà á. Nígbà tí àárín wa dàrú, kò jẹ́ ká wọlé mọ́, àwòrán ọdún tí àwọn àgbà kó sílẹ̀ sì bá a lọ. Ẹ ṣí ímeèlì tó jẹ́ ti ẹgbẹ́, ẹ fi ra .org.ng, kí èèyàn méjì tí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà mọ pásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀. Backup (ẹ̀dà ìpamọ́) náà ńkọ́? Ẹ máa gbà á sórí kọ̀ǹpútà tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ má fi sórí server nìkan.

Tíṣà Yorùbá
Ẹ ní oríkì máa wà níbẹ̀. Kí ẹ tó fi font (irú ojú lẹ́tà) kankan síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tẹ ọ́ àti ẹ̀ wò. Unicode (ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà) ò ní ààyè kan ṣoṣo fún lẹ́tà tó ní àmì ìsàlẹ̀ àti ti òkè pọ̀, ṣe ni wọ́n ń to àmì lé e, font míì á sì gbé àmì ohùn sórí lẹ́tà kejì. Noto Sans ń gbé e dáadáa. Kí database yín náà jẹ́ utf8mb4, èyí tó ń gba gbogbo lẹ́tà Unicode.

Èkìtì Kete
Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ẹ má gbé orúkọ àwọn tí kò tíì san owó orí àti nọ́ńbà fóònù wọn sójú gbangba o. Òfin ìdáàbòbò dátà ti wà láti 2023. Inú yàrá tí ọmọ ẹgbẹ́ nìkan lè wọ̀ ni kí ìyẹn wà.

Ìyá Ìbejì Adó
Ẹ ṣì ò dáhùn ìbéèrè mi lórí màmá mi.

Bàbá Linux
Màmá ò ní kúrò lórí WhatsApp, ìyá ìbejì. Akọ̀wé á gbé ọ̀rọ̀ sórí ìkànnì, á wá fi líǹkì rẹ̀ sí WhatsApp, kò sì ní dí ẹni tó fẹ́ kà á lọ́wọ́ pẹ̀lú pásíwọ̀ọ̀dù. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé, tàbí tó fẹ́ wọ yàrá ọmọ ẹgbẹ́, nìkan ló máa forúkọ sílẹ̀. Ọjà tí kò sí ẹrù níbẹ̀, èèyàn kì í yà á lẹ́ẹ̀mejì: kí akọ̀wé kó àkọsílẹ̀ ìpàdé àtẹ̀yìnwá àti ìṣirò kànga síbẹ̀ ná kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Mo ti gbọ́. phpBB ni, lórí hosting náírà. Màá gbé ọ̀rọ̀ domain lọ bá alága àti akápò lọ́jọ́ Àìkú. Ìwé ìṣirò kànga wà lọ́wọ́ akápò, inú ìwé àjákọ ni, ta ló lè bá mi tẹ̀ ẹ́?

Aṣojú Ọ̀dọ́ Ìkọ̀lé
Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ẹ̀gbọ́n. Màá bá yín tẹ̀ ẹ́.